Èṣù kọ́ ló gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn Yorùbá tí ẹ ò jẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé yín, àmọ́ èmi kì í sábà kọ lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo kọ sí yín rí, n ó sọ̀rọ̀ ìyẹn tó bá yá. Ohun tó mú mi gbé báírò lọ́tẹ̀ yìí ni àkọlé tí ẹ kọ gàdàgbà sójú ewé kìíní lọ́sẹ̀ tó kọjá, "Iṣẹ́ èṣù ni o, ẹ ṣàánú mi", ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tí wọ́n bá ẹrù olẹ́rù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá inú mi ò dùn mọ́, torí mo mọ gbólóhùn yẹn dáadáa, èmi gan-an ti fi òyìnbó sọ ọ́ ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ.

Ògbufọ̀ kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọdún 29 ni mo fi dúró láàárín adájọ́ àti ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó, iṣẹ́ mi ni kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan kí n gbé e fún ẹnì kejì láì fi iyọ̀ tèmi sí i. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè sọ fún un pé èdè kàn dà bí àpò tí èèyàn ń ro èrò tán tó wá ń kó o sí. Mo ti kó o láti àpò kan sí òmíì, mo mọ̀ pé nǹkan kan á jábọ́ lọ́nà, nǹkan mìíì tí mi ò fi síbẹ̀ á sì ti jókòó síbẹ̀ dè mí kí n tó dé. Èyí tó sì máa ń pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tó bá ti kan ẹ̀sìn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ kan. Wọ́n mú ọmọ kan wá, ó jí jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, irú èyí tí a ń pè ní "I-better-pass-my-neighbour", ó gbé e lórí láti àdúgbò kan dé èkejì kí wọ́n tó mú un. Adájọ́ ní kí lo rí sọ. Ọmọ ní, "Iṣẹ́ èṣù ni sà, ẹ dákun." Mo yí i sí òyìnbó kíá, mo ní "devil" ló ṣiṣẹ́ yẹn, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, mi ò tiẹ̀ ronú sí i. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn, "Ṣíọ̀! Èṣù kẹ̀?" Bàbá àgbàlagbà kan tó ń dúró de ẹjọ́ ilẹ̀ tiẹ̀ ni, fìlà etí ajá, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ọlọ́pàá kóòtù ní kó panu mọ́.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ bàbá yìí, akọ̀wé bi í pé Bíbélì ni àbí Kùránì. Ó ní irin. Akọ̀wé túlé túlé nínú dúrọ́ọ̀, ó mú ọ̀bẹ kan tí kò ní èèkù mọ́ jáde, ó ti dípẹtà débi pé àwọ̀ ẹ̀ ti pọ́n bí epo. Bàbá gbà á tọwọ́tọwọ́, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní tóun bá parọ́ kí Ògún dá a. Kóòtù dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti rí ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn tó fi ìwé mímọ́ búra tó tún ń wo aago, mi ò rí ẹni tó fi ahọ́n kan irin tó ń wo aago.

A pàdé níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Ó ní, "Ògbufọ̀, kí lo pe Èṣù fún òyìnbó yẹn?" (Adájọ́ wa ọmọ Ìjẹ̀bú ni o, àmọ́ òyìnbó ló ń sọ látàárọ̀.) Mo ní, bàbá, "devil" ni mo pè é. Ó ní kí niṣẹ́ "devil" ọ̀hún? Mo ní ọ̀tá Ọlọ́run ni, ó ń tan èèyàn, ó fẹ́ kí gbogbo wa bá òun wọná. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹni tí èmi ń bọ, Olódùmarè ló ń jíṣẹ́ fún. Òun ló ń gbé ẹbọ lọ. Ẹni tó bá rú, á bá a gbé e, ẹni tí kò bá rú, á bi í. Ọ̀tá ta ni?" Ló bá bu mọ́ínmọ́ín sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ẹ bi ọmọ yẹn bóyá Èṣù bá a ru jẹnẹrétọ̀ náà débì kan." Mi ò rí èsì fún un, mo kàn sanwó mọ́ínmọ́ín ẹ̀ ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé Bíbélì ìyá mi sílẹ̀, Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń kọ "li" àti "nwọn" sí, ẹ mọ̀ ọ́n. Mátíù orí 4, wọ́n darí Jésù lọ sí ijù láti dán an wò lọ́wọ́ Èṣù. Ó wà níbẹ̀ kedere. Mo wá ṣí Jóòbù, torí mo rántí pé ẹni yẹn wà níbẹ̀ náà, lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ Ọlọ́run wá síwájú Olúwa tí òun náà bá wọn wá, Olúwa ní níbo lo ti ń bọ̀, ó ní òun ń lọ síwá sẹ́yìn lórí ilẹ̀ ni. Ẹ tún un kà. Ẹni tó ń rìn káyé, tó ń wo bí kálukú ṣe ń hùwà, tó ń padà lọ rojọ́ fún Ọba òkè, tí kò sì lè fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé Jóòbù àfi ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún un. Tí ẹ bá sọ ìtàn yẹn fún bàbá onírin láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, á ní "Èṣù lẹ̀ ń wí yẹn." Ibẹ̀ gan-an ni Bíbélì wa ò sì ti pè é ní Èṣù o! Sátánì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi tó jọ ọ́, wọn ò fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, ibi tí kò jọ ọ́ rárá ni wọ́n fi í sí.

Ó nídìí, mo rò ó títí mo rí i. Orúkọ ni Satan, orúkọ kì í nítumọ̀ tó ń yọ onítumọ̀ lẹ́nu, lẹ́tà Yorùbá lo kàn máa fi kọ ọ́ bí o ṣe kọ Ábúráhámù. "Devil" ló ń wá ọ̀rọ̀ láti inú ilé wa, Èṣù ló sì wà nítòsí.

Àwọn ọmọ Facebook máa ń bú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tó ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé àjèjì kan ló wá ba ilé wa jẹ́, mi ò bá wọn bú u. Ọmọ Òṣoògùn ni. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown. Ní 1843 ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kó jọ ti jáde ní London, ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún fojú kan ìyá tó bí i, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ná. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, òun, Thomas King àtàwọn míì ń bá a lọ, ó di àwọn ọdún 1880 kí Bíbélì odindi tó parí. Kó tó kúrò nílé ni wọ́n ti ń bọ òrìṣà lójú ẹ̀, ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní Èṣù. Àwa náà la sì ń sọ ọ́ lójúbọ pé "Èṣù má ṣe mí, ọmọ ẹlòmíì ni o ṣe". Ẹni tó bá gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tó lóun rí wàhálà níbẹ̀, kò parọ́. Wàhálà ló rí, kò wo ẹni tó rán wàhálà níṣẹ́.

Òótọ́ ibẹ̀ náà ni pé kò pọn dandan. Òrìṣà kan náà ló wọkọ̀ ẹrú lọ sí Kúbà, nígbà tí àwọn èèyàn wa níbẹ̀ ń wá ẹni mímọ́ Kátólíìkì tó jọ Elegguá, bí wọ́n ṣe ń pe Èṣù níbẹ̀, ọmọdé ni wọ́n rí, Jésù ọmọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Santo Niño de Atocha. Wọ́n wo eré ṣíṣe ẹ̀ àti ọ̀nà tó ń ṣí, wọ́n ní ọmọdé nìyí. Ní Brazil, Exu di "diabo" lẹ́nu àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bó ṣe rí níbí. Nítorí náà ẹni kan ni, oríta kan ni, orílẹ̀-èdè kan rí ọmọdé, òmíì rí ẹlẹ́mìí èṣù (ẹ wò mí, èmi náà ti tún lo ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó ti wọ̀ mí lára).

Ohun tó wá ń ká mi lára jù kì í ṣe pé wọ́n ba orúkọ òrìṣà jẹ́, àwọn tó ń bọ ọ́ wà láyé, wọ́n lè gbèjà ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ míì tiẹ̀ ń gbé pátákó kiri pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni tèmi, torí kóòtù ni mo ti ṣiṣẹ́. Lójú àwọn àgbà, tí Èṣù bá ti èèyàn, ó nídìí tó fi tì í, ẹbọ tó yẹ kó rú tí kò rú ni, ìwà kan tó hù sẹ́yìn ni, ọ̀rọ̀ ṣì ń padà wá sí ẹsẹ̀ ẹni náà pé kí lo ṣe? Ẹ mú Èṣù kúrò níbẹ̀ báyìí, ẹ fi ọ̀tá kan sí i tó wà níta, tí kò nídìí tó fi ń ṣe èèyàn ju pé ó burú lọ. Kí ló kù kí wọ́n bi olè? Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu, àmọ́ èrò tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti kúrò, òmíì ti kó wọlé. Ọmọ tó jí jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ pé òun ń lo ìtumọ̀ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 180 ọdún sẹ́yìn, ó kàn rí ẹni gbé ẹrù ẹ̀ lé lórí ni.

Kí n má yà sápá kan o, àwọn Mùsùlùmí náà ò yọ́ níbẹ̀. Kí àáfà tó ka Kùránì lédè wa, á ní òun sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ èṣù ẹni ẹ̀kọ̀. Wọ́n ní Bìlísì tiwọn lọ́wọ́, wọ́n tún wá yá Èṣù kún un.

Èyí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín lóṣù tó kọjá tó ní ká gbá gbogbo ọ̀rọ̀ àjèjì jáde nínú èdè wa kí ẹ̀sìn àti èrò wa lè padà mọ́. Mo kí wọn o, ọ̀rọ̀ wọn dùn ún kà, àmọ́ kí wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n máa gbá, wọn ò ní mọ̀ pé orí àga ẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ìsìláàmù ti wà nílẹ̀ yìí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tó dé. Nígbà tí Crowther ń wá ọ̀rọ̀ tó máa pe nǹkan ìsìn, ẹnu Mùsùlùmí ló ti bá púpọ̀ nínú wọn. Àdúrà, Lárúbáwá ni. Ìwàásù, Lárúbáwá ni. Àlùfáà gba òkè wá, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Songhai. Wòlíì ni èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí lẹ́nu Lárúbáwá ọ̀rẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni mímọ́ kan báyìí, ànábì ni Mùsùlùmí wa ń pe àwọn tí Ọlọ́run rán níṣẹ́. Bíbélì gbé wòlíì, ó fi í fún Àìsáyà àti Jeremáyà, lónìí ẹ lọ sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ ní ẹ ń wá wòlíì, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n máa júwe fún yín. Kèfèrí ń kọ́? Pásítọ̀ tó ń fi í bú abọ̀rìṣà, ó mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá? Àlàáfíà, sùúrù, wákàtí, bárìkà, gbogbo ẹ̀ gba ọ̀nà kan náà wá, àní àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wọn náà. Ẹ gbá a jáde ká wá wò ó.

Ìyàtọ̀ tí mo rí rèé. Àlùfáà tí Kìrìsìtẹ́nì gbà lọ́wọ́ Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ṣì ní tiẹ̀, àáfà ṣì ń jẹ́ àáfà, kò sí ẹni tó pàdánù. Èṣù kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè, wọ́n fi pe ẹlòmíì, wọ́n wá padà sọ́dọ̀ olórúkọ, wọ́n ní ìwọ lo burú.

Mo sì mọ̀ pé yíyá ọ̀rọ̀ àti títúmọ̀ lè dára gan-an, torí ó ṣojú mi nílé. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn, a ń jẹ ẹran iléyá, a ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ọ̀kan ń pe Ọlọ́hun, ọ̀kan ń pe Ọlọ́run, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn lórí ẹní oúnjẹ, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo lọ ilé kéú nígbà tí mo kéré. Àáfà á pè é, a ó gbè é: ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ Àṣàkẹ́ loríkì ìyá mi. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń bá wa gbé, Àjọkẹ́ ni tiẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìyá mi àti àǹtí mi ni wọ́n ń kí ní Bísímílláhì, inú mi ń dùn, mo ń pariwo apá ibẹ̀ ju ti gbogbo ọmọ lọ. Lọ́jọ́ kan mo wá bi àáfà pé ìgbà wo ni wọ́n máa dárúkọ bàbá mi náà. Pàṣán ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn.

Àmọ́ bàbá yẹn ò burú, nígbà tó nà mí tán ó jókòó tì mí, ó là á yé mi, mi ò sì gbàgbé ẹ̀ dòní. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá méjì tó wà níbẹ̀, Rahmáánì àti Rahíímù, ọmọ ìyá ni wọ́n, inú àánú kan náà ni wọ́n ti jáde, ẹni tó bá túmọ̀ ẹ̀ lóréfèé á kàn ní aláàánú, aláàánú, á máa tún un sọ. Àwọn tó jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ Kùránì ní méjèèjì ò dọ́gba: ti àkọ́kọ́ kárí, òòrùn ń ràn sórí ẹni tó ń kírun àti ẹni tí kì í kí, òjò ń rọ̀ sóko àwọn méjèèjì, láyé níbí nìyẹn. Ìkejì, ó di ọ̀run, àwọn tí Ọlọ́hun bá ṣà ló wà fún. Báwo lẹ ṣe máa sọ ìyẹn fún ìyá aláta tí kò ka ìwé kankan? Àwọn àáfà àtijọ́ wojú ilé, wọ́n rí oríkì ọmọbìnrin méjì. Ẹni tí gbogbo ilé jọ kẹ́, Àjọkẹ́. Ẹni tí wọ́n ṣà nínú ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó kẹ́ ẹ, Àṣàkẹ́. Jọ láyé, ṣà lọ́run. Ohun tí wọ́n ń kọ ìwé fẹ̀ǹtẹ̀ lé lórí, ó wọ inú sílébù méjì, ìyá aláta sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n tiẹ̀ yí i po díẹ̀ o, torí ẹni tó ń jẹ́ Àjọkẹ́ nílé, òun ni wọ́n ń kẹ́, ní Bísímílláhì Ọlọ́hun ló ń kẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́. Mi ò mọ onítumọ̀ kankan tó ṣe iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí mo jẹun nídìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sí kóòtù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ sọ. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà níwájú, ẹlẹ́rìí ni. Lọ́yà dìde, ó tún gáùn ẹ̀ ṣe, ó ní "Madam, I believe you were at home that night." Mo ní, ìyá, lọ́yà gbà gbọ́ pé ilé lẹ wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá wo lọ́yà látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún un?"

Kóòtù rẹ́rìn-ín, adájọ́ náà rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín torí mo rí i pé ìyá ló jàre. Gbà gbọ́ ni mo wí, ẹ tú u wò: o gbọ́, o sì gbà. Tí kò bá sí ẹni tó sọ fún ọ, kí lo gbà? Lọ́yà ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó kàn rò ó ni, òyìnbó sì gbà kó fi "believe" bo ìrònú mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ mìíì, ẹlẹ́rìí ní òun mọ̀ pé lágbájá ló jí màlúù, wọ́n bi í bóyá ó ṣojú ẹ̀, ó ní rárá, àbúrò òun ló wí fún òun. Àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn ti ń kùn kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀: á jẹ́ pé ó gbà á gbọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n. Òfin òyìnbó ní orúkọ gbọ̀ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rí àgbọ́sọ, inú ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ló wà lọ́dọ̀ tiwa.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì ni mo tó mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí i ṣáájú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo ní Fásitì Ifẹ̀ àti ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni níbẹ̀, Barry Hallen, wọ́n lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n ní kí wọ́n là á fún àwọn kí ni mọ̀, kí ni gbàgbọ́, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1986. Ohun tí àwọn oníṣègùn sọ ni pé ìmọ̀ ni èyí tí ojú ẹni rí tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ìyókù ìgbàgbọ́ ni, títí tí wọ́n á fi dán an wò. Ẹ ronú sí i: gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, pé ayé ń yí òòrùn po, ohun tó wà nínú ìwé, òyìnbó á ní ìmọ̀ ni, oníṣègùn á ní ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á ni. Mi ò ní gbogbo wọn jàre o, ayé máa sú èèyàn tó bá jẹ́ ohun tó ṣojú ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ojú tí èdè fún wọn.

Ẹ wá wo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n wo gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú Yorùbá tí wọ́n sọ ara wọn ní Onígbàgbọ́. Òótọ́ inú gbáà! Wọn ò pe ara wọn ní onímọ̀. A gbọ́, a gbà. Àmọ́ ó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú Bíbélì ọ̀hún. Jésù sọ fún Tómásì pé torí pé o rí mi lo ṣe gbàgbọ́. Ẹ ka ìyẹn fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́, á ní tó bá ti rí i, ṣé kò ti mọ̀ ni? Tómásì kò gbà gbọ́ mọ́ níbẹ̀ yẹn, ó ti kúrò nínú gbígbọ́, ó ti fojú ara ẹ̀ rí i. Ìdajì kejì ẹsẹ yẹn ló wá dùn lédè wa ju ti òyìnbó lọ, pé alábùkún fún ni àwọn tí kò rí tí wọ́n sì gbàgbọ́, ó bá gbà gbọ́ mu bí ìdérí ìkòkò.

Jóòbù ni mo tún padà sí. Òun ò ní òun gbàgbọ́, ó ní òun mọ̀ pé Olùdáǹdè òun ń bẹ láàyè. Mo máa ń rò ó pé ṣé kò ṣì í sọ, ta ló fi hàn án? Àfìgbà tí mo ka ìwé yẹn dé orí 42, tó ń sọ fún Ọlọ́run pé etí lòun fi ń gbọ́ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí ojú òun ti rí i. Mo gbé Bíbélì lé orí àyà, alẹ́ ti lẹ́, iná ti lọ. Ìwé Hébérù láti ọdún gbọọrọ, ohun tí oníṣègùn sọ fún Sodipo ló wà níbẹ̀ láti etí dé ojú. Kò sí ìtumọ̀ tó ba ìyẹn jẹ́, torí kò sí ẹni tó ní láti wá ọ̀rọ̀ kankan fún un, etí ni etí, ojú ni ojú.

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Tí afurasí bá ní iṣẹ́ èṣù ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ni, ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn bó ṣe wí i, kí ẹ ṣáà má gbé e ṣe àkọlé bí ẹni pé ẹ̀yin náà jẹ́rìí. Ẹ kọ ohun tó ṣe, ó jí jẹnẹrétọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá sì kan ọ̀tá Ọlọ́run inú Bíbélì, Sátánì wà nílẹ̀, ó wà nínú Jóòbù láti ọjọ́ yìí, Bìlísì náà wà, kò sí èyí tó máa gbowó lọ́wọ́ yín nínú àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé ẹnu ò ní fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀, èmi náà tí mò ń kọ ọ́, tí ife bá bọ́ lọ́wọ́ mi lówùúrọ̀ ọ̀la, "èṣù burúkú" ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, ó kan lẹ́tà mi ti àkọ́kọ́ tí mo ní n ó sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, mo dúpẹ́, àmọ́ ẹ bọ́ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ àti ti abẹ́ ẹ̀ dànù, E-S-U ló jáde gbalasa. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko ní Òkè-Ògùn pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ka lẹ́tà mi, àwọn ò mọ̀ pé mo ti ń gbèjà eṣú tó jẹ àgbàdo àwọn tán. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ bá mi fi àmì sí i.

Èmi ni tiyín,
Ògbufọ̀ kóòtù tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.